Ẹṣin ni yín àbí Ejò? Bí ẹ ṣe máa wo ẹranko ọdún tọkọtaya bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń wò ó

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra ọjà ní Guangzhou ló lọ kí ìyá àgbà ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ó ti ra èso dání, ó ra tíì olówó ńlá, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà lédè wọn, gbogbo ẹ̀ ń lọ geerege títí màmá fi bi í ní ìbéèrè kan péré: "Nǐ shǔ shénme?" Ìyẹn ni pé abẹ́ ẹranko wo lo wà. Bọ̀dá yìí dáhùn kíá pé 1990 ni wọ́n bí òun, Ẹṣin ni òun. Màmá ò fèsì o, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka ọwọ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ọmọ-ọmọ ẹ̀ tí wọ́n bí ní July 1996, ó tún un kà, ó wá rọra gbé ife tíì ẹ̀ kalẹ̀ láì mu ún. Ẹṣin àti Eku. Lójú tiẹ̀, orí àwọn méjèèjì ò bára mu, ọ̀rọ̀ sì ti bùṣe.

Tí ẹ̀yin náà bá ń fẹ́ ọmọ Ṣáínà, tàbí ará Taiwan, Singapore, Malaysia tó jẹ́ ìran Ṣáínà, tàbí ẹ kàn ń rí i lórí fóònù tẹ́ ẹ sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ mú bírò àti ìwé kékeré kan, kò ní gbà yín lákòókò púpọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbà á gbọ́ o, èmi gan-an kì í fi ṣe nǹkan kan. Àmọ́ àgbà tó máa fún yín lọ́mọ lè gbà á gbọ́ gidi, kò sì dáa kí wọ́n máa ṣírò yín lójú yín kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ. Tó bá sì jẹ́ Yorùbá sí Yorùbá ni yín tẹ́ ẹ kàn fẹ́ fi ṣeré, kò burú, ẹ lọ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò ná kẹ́ ẹ tó padà wá síbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ẹranko yín, ẹ sì ṣọ́ra tó bá jẹ́ January tàbí February ni wọ́n bí yín

Ẹranko méjìlá ló wà, ọdún kan ẹranko kan, tó bá ti yípo tán á tún bẹ̀rẹ̀ látorí Eku. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn nìyí: Eku, Màlúù, Ẹkùn, Ehoro, Dírágónì, Ejò, Ẹṣin, Àgùntàn, Ọ̀bọ, Àkùkọ, Ajá, Ẹlẹ́dẹ̀. Ẹkùn tiwọn, èyí tó nílà lára ni o, kì í ṣe ti igbó ilé wa tó ní àmì tótòtó. Àgùntàn náà ní wàhálà tiẹ̀, "yáng" ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń lò fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ewúrẹ́ lórí kalẹ́ńdà kan kẹ́ ẹ tún rí àgùntàn lórí òmíì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sin méjèèjì rí mọ̀ pé ìwà wọn ò jọra rárá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti mọ tiyín, ẹ fi 12 pín ọdún tí wọ́n bí yín kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù. Tí ò bá ṣẹ́ nǹkan kan kù, Ọ̀bọ ni yín. Tó bá ku 1, Àkùkọ, 2, Ajá, 3, Ẹlẹ́dẹ̀, 4, Eku, 5, Màlúù, 6, Ẹkùn, 7, Ehoro, 8, Dírágónì, 9, Ejò, 10, Ẹṣin, 11, Àgùntàn. Bí àpẹẹrẹ 1985, 12 lọ́nà 165 jẹ́ 1980, ó ku 5, Màlúù nìyẹn.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú nìyí o. Ọdún Ṣáínà kì í bẹ̀rẹ̀ ní January 1, oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé, torí náà ọdún tuntun wọn máa ń bọ́ sáàárín 21 January sí nǹkan bí 20 February. Ẹni tí wọ́n bí kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹranko ọdún tó kọjá ló ni ín. Mo ti kọ ti àwọn ọdún tí ọ̀pọ̀ nínú yín bọ́ sí sílẹ̀ fún yín: 1985 jẹ́ 20 February, 1986 jẹ́ 9 February, 1987 jẹ́ 29 January, 1988 jẹ́ 17 February, 1989 jẹ́ 6 February, 1990 jẹ́ 27 January, 1991 jẹ́ 15 February, 1992 jẹ́ 4 February, 1993 jẹ́ 23 January, 1994 jẹ́ 10 February, 1995 jẹ́ 31 January, 1996 jẹ́ 19 February, 1997 jẹ́ 7 February, 1998 jẹ́ 28 January, 1999 jẹ́ 16 February, 2000 jẹ́ 5 February.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn tó ń kanra, mo ní kó ka ọjọ́ ìbí ẹ̀ fún mi látinú pásípọ́ọ̀tù. 12 January 1990. Mo ní ìwọ bọ̀dá yìí, ta ló sọ fún ẹ pé Ẹṣin ni ẹ́, ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko kí Ẹṣin tó wọlé nígbà tí ìyá ẹ bí ẹ, Ejò ni ẹ́!

Ọjọ́ ìbí tòótọ́ ni kẹ́ ẹ lò o. Mo mọ̀ wá dáadáa, àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ àfídáfíìtì ló bí wọn, ọjọ́ orí ọ́fíìsì ò bá ti ilé mu. Ẹ bi ìyá yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya aago

Èmi ni mo máa ń ṣe é báyìí torí mi ò lè há gbogbo ẹ̀ sórí. Ẹ ya aago olóbìírí sínú ìwé yẹn, ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 12 yí i ká. Ẹ wá fi Eku sí 12, Màlúù sí 1, Ẹkùn 2, Ehoro 3, Dírágónì 4, Ejò 5, Ẹṣin 6, Àgùntàn 7, Ọ̀bọ 8, Àkùkọ 9, Ajá 10, Ẹlẹ́dẹ̀ 11. Ẹ fi ìka kan lé tiyín, ẹ fi ìka kejì lé ti olólùfẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ohun tí aago sọ

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ dojú kọ ara yín tààrà, bí 12 àti 6 tàbí 3 àti 9. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìkọlù nìyẹn, "chōng" ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n sì ń sá fún jù. Eku pẹ̀lú Ẹṣin, Màlúù pẹ̀lú Àgùntàn, Ẹkùn pẹ̀lú Ọ̀bọ, Ehoro pẹ̀lú Àkùkọ, Dírágónì pẹ̀lú Ajá, Ejò pẹ̀lú Ẹlẹ́dẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló máa ń wà láàárín wọn, ìdí nìyẹn tí ojú àwọn àgbà kan fi máa ń yí padà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọkọ fi ọdún mẹ́fà ju ìyàwó lọ, wọn ò tiẹ̀ ní bèèrè ẹranko mọ́. Kì í ṣe pé Eku bú Ẹṣin o. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí méjì tiẹ̀ nínú ọjọ́, ti Eku jẹ́ 11 alẹ́ sí 1 òru, òun ló ni àárín ìgbà òtútù, omi ni. Ti Ẹṣin jẹ́ 11 àárọ̀ sí 1 ọ̀sán, àárín ìgbà ooru, iná ni. Omi àti iná, òru àti ọ̀sán, ẹ fi wọ́n sínú yàrá kan náà kẹ́ ẹ wò ó. Orí nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n gbé ìṣirò náà kà, ẹranko kàn jẹ́ orúkọ tó rọrùn láti rántí.

Tẹ́ ò bá dojú kọ ara yín, ẹ ka mẹ́rin látorí tiyín, síwájú tàbí sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa bọ́ sórí ti olólùfẹ́ yín. Ẹgbẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n, tẹ́ ẹ bá fi ìlà so wọ́n pọ̀ lórí aago á di igun mẹ́ta: Eku, Dírágónì àti Ọ̀bọ; Màlúù, Ejò àti Àkùkọ; Ẹkùn, Ẹṣin àti Ajá; Ehoro, Àgùntàn àti Ẹlẹ́dẹ̀. "Sān hé" ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sínú ọ̀kan, inú ìyá ìyàwó á dùn, ẹ lè béèrè oúnjẹ síi.

Èyí tó kàn ni mo fẹ́ràn jù, torí èmi fúnra mi ni mo ṣàkíyèsí ẹ̀ níbi tí mo ti ń fi bírò ya aago kiri. Ẹ ro nọ́ńbà yín méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ 13, ẹ ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ìkọ̀kọ̀, "liù hé", àwọn kan gbà pé ó tiẹ̀ dáa fún ìgbéyàwó ju ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ torí àwọn méjì péré ló wà nínú ẹ̀, kò sí ẹlẹ́kẹta. Ẹ dán an wò: Eku 12 àti Màlúù 1, Ẹkùn 2 àti Ẹlẹ́dẹ̀ 11, Ehoro 3 àti Ajá 10, Dírágónì 4 àti Àkùkọ 9, Ejò 5 àti Ọ̀bọ 8, Ẹṣin 6 àti Àgùntàn 7. Gbogbo ẹ̀ pátá ló jẹ́ 13. Tí àròpọ̀ bá wá jẹ́ 7 tàbí 19, ìpalára nìyẹn, "hài", kò le tó ìkọlù àmọ́ wọ́n ní ó máa ń rọra jẹni lábẹ́lẹ̀ bí ìdun inú àga: Màlúù pẹ̀lú Ẹṣin, Ẹkùn pẹ̀lú Ejò, Ehoro pẹ̀lú Dírágónì, Eku pẹ̀lú Àgùntàn, Ọ̀bọ pẹ̀lú Ẹlẹ́dẹ̀, Àkùkọ pẹ̀lú Ajá. Wọ́n ní òwe fún un gan-an, "bái mǎ pà qīng niú", ẹṣin funfun ń bẹ̀rù màlúù aláwọ̀ ewé, ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu màmá kan lójijì níbi tẹ́ ẹ ti ń jẹun, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ pé ti Màlúù àti Ẹṣin ló ń sọ.

Tí ò bá bọ́ sí èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò gbóná kò tutù, ẹ máa lọ.

Àwọn kan tún wà, ní Taiwan pàápàá, tí wọn ò fẹ́ kí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́sàn-án wà láàárín tọkọtaya. Ẹ wá wo Ejò àti Ọ̀bọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ọdún mẹ́ta ló wà láàárín wọn, 13 sì ni àròpọ̀ wọn. Ìwé kan náà tó ní wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ ìkọ̀kọ̀ ló tún kó wọn sínú àwọn tó ń fìyà jẹ ara wọn. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ẹni tó bá fẹ́ gbà fún yín máa rí ibi tó máa gbà á, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ̀ máa rí tiẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi kún un

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ọdún yín ló ń sọ ọ́. 0 àti 1 jẹ́ irin, 2 àti 3 omi, 4 àti 5 igi, 6 àti 7 iná, 8 àti 9 ilẹ̀. Ọdún Ṣáínà yín o, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ January, ọ̀rẹ́ mi máa lo 1989, kì í ṣe 1990. Igi ń bọ́ iná, iná ń jó di eérú tó ń di ilẹ̀, inú ilẹ̀ ni irin ti ń jáde, wọ́n ní irin tó tutù máa ń sun omi lára bí ìrì, omi sì ń wo igi dàgbà. Lódì kejì ẹ̀wẹ̀, omi ń pa iná, iná ń yọ́ irin, irin ń gé igi, gbòǹgbò igi ń la ilẹ̀, ilẹ̀ ń dí omi lọ́nà. Tí ọ̀kan nínú yín bá ń bọ́ èkejì, ó dáa. Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ilẹ̀, ìyàwó ẹ̀ 1996 jẹ́ iná, torí náà ìyàwó ló ń bọ́ ọkọ, ó sì ti ń fi í yangàn káàkiri.

Ibí yìí ni mi ò ti ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ní Japan, tí wọ́n gba kalẹ́ńdà yìí lọ́wọ́ Ṣáínà, wọ́n ní obìnrin tí wọ́n bá bí lọ́dún Ẹṣin iná máa gé ẹ̀mí ọkọ ẹ̀ kúrú. 1966 jẹ́ Ẹṣin iná. Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1965 lé ní mílíọ̀nù 1.8, nígbà tó di 1966 ó já sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.36, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó tún gòkè padà. Odindi orílẹ̀-èdè ló sá fún ọmọbìnrin tí wọn ò tíì bí. Ó máa ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní 60 ọdún, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé 2026 náà jẹ́ Ẹṣin iná. Ní apá àríwá Ṣáínà ẹ̀wẹ̀, àwọn Àgùntàn ni wọ́n ń bú, wọ́n á ní "shí yáng jiǔ bù quán", nínú àgùntàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ò pé. Ó jọ bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ìyàwó báyìí ò dáa nígbà tó jẹ́ ọjà ọkọ ẹ̀ ni ò tà. Tí ọmọbìnrin tẹ́ ẹ fẹ́ bá jẹ́ Àgùntàn, ó ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ẹ má fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ̀ pé ọdún kì í ṣe gbogbo ẹ̀

Ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí, ọ̀rọ̀ méjì-méjì fún ìkọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ lápapọ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní "bāzì". Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà dáadáa ò ka ẹranko ọdún sí tó bí ẹ ṣe rò, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni wọ́n ń wò fún ọkọ tàbí aya, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ààfin tọkọtaya. Wọn kì í tiẹ̀ ka ọdún láti ọjọ́ ọdún tuntun, "Lìchūn" ni wọ́n ń lò, ìyẹn ọjọ́ tí ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀ lórí kalẹ́ńdà wọn, ó máa ń bọ́ sí 4 February tàbí ìtòsí ẹ̀. Nítorí náà tí màmá kan bá ní ẹ ò bára mu torí ọdún nìkan, ẹ rọra fi ọ̀wọ̀ ní kí wọ́n bá yín lọ wo bāzì. Ẹ ò jiyàn mọ́ nìyẹn, ẹ kàn gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù tó ga jù.

Wákàtí ìbí ló máa ń dá wa dúró torí a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì-méjì ni tiwọn, ohun tí ìyá yín bá rántí ti tó. Tí wọ́n bá ní ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbá ni ẹ jáde, 5 sí 7 àárọ̀ ni ẹ máa kọ, wákàtí Ehoro nìyẹn.

Láyé àtijọ́ ìwé pupa ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yìí sí, ìdílé ọkọ á gbé ti ìyàwó sórí pẹpẹ àwọn baba ńlá wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí àwo kankan ò bá fọ́, tí ẹnì kankan ò ṣàìsàn, tí ìjà ò sì ṣẹlẹ̀ nínú ilé, àwọn baba ńlá ti gbà nìyẹn. Bàbá bàbá mi náà, wọ́n kọ́kọ́ lọ dífá kí wọ́n tó gbà láti fẹ́ ìyá àgbà, torí náà ẹ má fojú ẹlẹ́yà wo ìwé pupa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó

Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ kọlu ara yín, ibí ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ẹni kẹta lè dì yín mú, ẹ wo aago lẹ́ẹ̀kan síi: Màlúù ń di Eku mú, Àgùntàn ń di Ẹṣin mú, ìdí tẹ́ ẹ fi ń rí àwọn kan tó so ère ẹranko kékeré mọ́ ọrùn nìyẹn, ẹranko tó bá tiwọn ṣe 13 ni. Àmọ́ ọjọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n ní ìwé kalẹ́ńdà kan, "Tung Shing" làwọn ará Hong Kong ń pè é, á kọ ẹranko tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń kọlù síbẹ̀. Tó bá ti jẹ́ ẹranko ọkọ tàbí ti ìyàwó ló kọ síbẹ̀, ẹ fo ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ Satidé tí họ́ọ̀lù ṣófo.

Wọ́n máa ń wo ọdún náà. Ọdún tí ò bá ní Lìchūn kankan nínú, ọdún opó ni wọ́n ń pè é. Ọdún Dírágónì tó bẹ̀rẹ̀ ní 10 February 2024 tó sì parí ní 28 January 2025 rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó ní Ṣáínà ní 2023 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.68, ní 2024 ó já sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.1. Kì í ṣe ọdún opó nìkan o, owó ilé wọ́n, iṣẹ́ ò sí bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ gan-an ti dín kù, ṣùgbọ́n àwọn kan sá fún un. Ọdún Ejò tó tẹ̀ lé e ní Lìchūn méjì, gbogbo èèyàn wá ń sáré.

Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n máa gba àwọn Ẹkùn láyè nínú yàrá ìyàwó lọ́jọ́ náà, àwọn ìdílé kan ní Hong Kong àti Malaysia kì í gbà, ì báà jẹ́ àbúrò yín tó wọkọ̀ òfuurufú láti Ìbàdàn. Ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú ju kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ mi padà lọ lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ àti kalẹ́ńdà 1990 tó tẹ̀ jáde. Màmá wo ìwé, ó wo ojú ẹ̀, ó tún fi àtàǹpàkò ka oríkèé. Ejò 5, Eku 12, ó jẹ́ 17, wọn ò dojú kọ ara wọn, kò gbóná kò tutù. Lọ́tẹ̀ yìí ó mu tíì ẹ̀. 2025 ni wọ́n mú torí Lìchūn méjì yẹn, àṣé ọdún Ejò náà ni ọdún ẹranko ọkọ fúnra ẹ̀, wọ́n sì ní ọdún ẹranko ẹni máa ń mú aburú wá, àfi kéèyàn wọ nǹkan pupa mọ́ra. Màmá ra pátá pupa mẹ́fà fún un, ìbọ̀sẹ̀ pupa, bẹ́líìtì pupa, ó ní kó máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ títí ọdún á fi yí. Nígbà tó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, méjì ti ń ṣí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.